Kóòtù tí Wọ́n Ní Kí N Sun

Aago mẹ́rin. Wọ́n ní aago mẹ́rin ni ọkọ̀ á dé. Aago mélòó ló wá lù báyìí... méjì ti kọjá. Ó ti kọjá dáadáa. Kí ni mo wá jókòó tì? Kóòtù ọkọ mi wà lórí itan mi, iná wà lẹ́yìnkùlé, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín wọn. Dìde, obìnrin yìí. Gbé e, jù ú síná, kí ọ̀rọ̀ tán.

Mi ò dìde.

Inú àgbá irin ni ìyá ọkọ mi dá iná náà sí, láti àárọ̀ ló sì ti ń kó igi sí i. "Ìyàwó, ohun tó bá ti ẹ̀wọ̀n bọ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kọ́ sínú ilé. Sun ún kí ara ọmọ mi lè balẹ̀." Ó sọ ọ́ kí n tó jẹun àárọ̀, ó sọ ọ́ lẹ́yìn tí mo jẹun tán, ó tún wá sọ ọ́ nígbà tí mò ń fọ abọ́. Mi ò bá a jiyàn. Ọmọ rẹ̀ ló ṣáà lọ tó bọ̀. Ẹni tó ni kóòtù gan-an, òun náà ní kí n sun ún. Lánàá ni. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ bá mi sun ún, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi! Èmi tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti kọnu ìfẹ́ sí mi, "ìwọ" ni, "ìwọ yìí" ni, "Ọlọ́wọ́ Òsì, gbé omi wá" ni. Orúkọ tó sọ mí nìyẹn, Ọlọ́wọ́ Òsì, nítorí òsì ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, òsì ni mo fi ń ránṣọ. Tí ẹlòmíì bá pè mí bẹ́ẹ̀, màá bá a jà. Tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ̀rín ló máa ń pa mí... Ọjọ́ mọ́kànlá ló ti dé. Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ń pè é ní ẹ bí mo ṣe máa ń pè é, òun náà ń pè mí ní ẹ, bí àlejò méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà dókítà. "Ẹ ṣeun." "Ẹ má bínú." "Ṣé mo lè bu omi mu?" Nínú ilé ara rẹ̀! Ọmọ wa obìnrin gbé àga fún un, ó ní "Ẹ ṣeun, mà." Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń pè ní mà. Ọmọ náà sá wá bá mi, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

Ta ni wọ́n dá padà fún mi?

Má sọ bẹ́ẹ̀. Má ronú bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹlòmíì ń wá tirẹ̀ títí dòní, kò rí i, kò rí sàréè rẹ̀. Ìwọ rí tìrẹ, o wá ń... Mo mọ̀. Mo ní mo mọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò láti ibí. Ó wà nínú yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kátíìnì bo gbogbo ara rẹ̀, ó ku ẹsẹ̀ nìkan nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì tò bí ẹni pé wọ́n fi rúlà tò wọ́n. Ó ti wọ bàtà. Ó ti so okùn rẹ̀. Ọkọ̀ aago mẹ́rin, aago méjì kọjá díẹ̀, ó ti múra tán. Ta ló ń múra báyẹn àfi ẹni tó ń kánjú àtilọ?

Nọ́ọ̀sì tó wá lọ́jọ́ Ajé... "Ilé ìsinmi àwọn ṣọ́jà tó ti ìgbèkùn dé ni, sà. Oúnjẹ wà, dókítà wà, àwọn ẹgbẹ́ yín náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ máa fẹ́ lọ?" Mo di abẹ́rẹ́ mú. Mò ń retí kó ní rárá. Ó kàn ní, "Tí wọ́n bá ní kí n lọ." Tí wọ́n bá ní! Nọ́ọ̀sì wò mí, kí n sọ̀rọ̀ ni. Èmi ṣe bí ẹni tó ń wá òwú nílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé èmi ni màá máa bẹ ọkọ mi pé kó má kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́? Ó lẹ́nu. Tó bá fẹ́ mi, kó sọ. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méje ni mo fi dúró dè é, ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá wúwo jù fún un? Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní aago mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀. Òní nìyẹn.

Ìgbéraga mi ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ ọ́: "Ìgbéraga tó wà lára rẹ yìí, tí a bá gé e bí aṣọ, á tó èèyàn méjì wọ̀, á tún ṣẹ́kù."

Ọjọ́ tó dé gan-an... kí n má rántí. Mò ń rántí. Ìdí máṣìnì yìí ni mo wà, mò ń rán apá aṣọ ìyá oníbúrẹ́dì, mo dorí kodò. Òjìji ẹnì kan bo ẹnu ọ̀nà. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí èèyàn. Mo ṣe bí oníbàárà ni. Mo ní, "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀." Mi ò gbójú sókè! Ó sì jókòó. Orí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ló jókòó sí, ó rọra. Mo rán apá yẹn tán, mo já òwú, mo tún ṣẹ́tí rẹ̀. Ìgbà tí mo wá ní "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fẹ́ rán?"... ojú rẹ̀ ni mo rí. Ojú rẹ̀, nínú kóòtù yìí, nínú ooru yẹn. Ọkọ tí wọ́n kọ̀wé sí mi pé wọn ò rí, pé kí n ṣe ọkàn gírí, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wọn ṣòkòtò fún òun. Mo ké. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ṣùgbọ́n odindi apá aṣọ kan ni mo fi jẹ́ kó jókòó dè mí. Ìyàwó wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Kọ́púrà ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Kọ́púrà yẹn, ṣọ́jà ẹgbẹ́ ọkọ mi ni, wọ́n jọ lọ, wọ́n jọ dé. Ọjọ́ kẹta ló wá kí wa, ó bá mi jókòó síhìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò sinmi títí mo fi rán ṣẹ́ẹ̀tì méjì. Gbogbo ohun tí ọkọ mi kò sọ, òun ló sọ ọ́.

"Ìyàwó wa, ṣé o mọ irú ẹni tó o fẹ́ ṣá?" Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo wọn sá kọjá afárá, ọkọ mi ló ń wa lọ́rì. Ó kó àwọn tí ìbọn bà, ó gbé wọn kọjá. Ó padà. Ó tún kó àwọn mìíràn, ó gbé wọn kọjá. Ọ̀gá wọn ní ó tó, wọ́n fẹ́ fọ́ afárá. Ó ní mẹ́rin ṣì kù lọ́hùn-ún, òun ka orí wọn. Ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n fọ́ afárá lẹ́yìn rẹ̀, kò lè kọjá mọ́. Kọ́púrà wà lára mẹ́rin yẹn. Ó ń sọ ọ́, ó ń nu imú. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń wa lọ́rì yẹn, ìyàwó wa, mi ò ní padà. Òtítọ́ ni mò ń sọ fún ọ. Mi ò ní padà."

Ọkọ mi nìyẹn. Dírẹ́bà tèmi... tó jẹ́ pé nínú ilé yìí, ojoojúmọ́ ló ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tì.

Àwọn ọ̀tá mú wọn kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n bi í pé ọ̀nà wo ni àwọn tó kù gbà. Ó ní òun ò mọ̀nà. "Dírẹ́bà ni o! Dírẹ́bà, ó ní òun ò mọ̀nà!" Kọ́púrà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí òkúta, wọ́n fi ìdí ìbọn... Wọ́n tún bi í. Ó ní òun ò mọ̀nà. Wọ́n tún gbé ìbọn sókè. Kò mọ̀nà. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀, Aláìmọ̀nà ni gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ń pè é, bí wọ́n sì ṣe ń pè é ni wọ́n ń dìde fún un. Inú àpò ni ọwọ́ ọ̀tún yẹn máa ń wà látìgbà tó ti dé. Kò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ilé iṣẹ́ bíríkì àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ẹ̀wọ̀n wọn. Òkúta ni wọ́n ń fọ́. Ọlọ́wọ́ kan kò lè fọ́ òkúta, wọ́n ní kó máa fi ẹ̀yìn gbé e. Gbogbo wọ́dà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa pè ní sà. Wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n tó mumi. Ẹni tó bá gbàgbé, ebi ni lọ́jọ́ yẹn. Kọ́púrà ní, "Ọdún kìíní, mo kórìíra ẹ̀. Ọdún kejì, mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é mọ́. Ìyàwó mi nílé ní kí n dákun, kí n yéé pe òun ní sà." Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó dùn láti fi rẹ́rìn-ín nígbà tó jẹ́ ti ilé onílé.

Kọ́púrà sọ gbogbo rẹ̀. Kò sọ ti kóòtù. Ó kàn wò ó níbi tó so kọ́, ó ní, "Ó ṣì wà níbí?" Ó sì dákẹ́. Kọ́púrà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ló dákẹ́!

Ó dára. Jẹ́ kí n yẹ àpò rẹ̀ wò kí n tó sun ún. Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í sun aṣọ láìyẹ àpò. Àpò òsì... òfìfo. Ti ọ̀tún... kò ní ìsàlẹ̀ mọ́, ó ti lu. Aṣọ wo tiẹ̀ ni èyí? Àbùlẹ̀ ló pọ̀ ju aṣọ lọ. Òwú tí wọ́n yọ lára àpò ìrẹsì ni wọ́n fi rán an. Ihò rẹ̀ fẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́ gidi, wáyà ni wọ́n fi ṣe é. Ta ló lẹ ti èjìká yìí? Gbàgà gbàgà, bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ pákó. Ẹni yìí kò mọ̀ ọ́n rán, ṣùgbọ́n ó fa òwú le, ó fẹ́ kó dúró. Ti ẹ̀yìn ńkọ́... áà, eléyìí mọṣẹ́. Òwú méjì ló ń gba inú ihò kan náà, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Aránbàtà ni. Màá fi orí mi búra, ọwọ́ aránbàtà nìyí. Èyí... ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ara ẹni yìí kò yá nígbà tó ń rán an. Ó bẹ̀rẹ̀, kò parí. Ẹlòmíì ló bá a parí ẹ̀.

Ẹni mélòó ló lẹ kóòtù kan? Mo ka mẹ́fà. Ọwọ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkùnrin fọ́ òkúta láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó wá jókòó, ó mú wáyà, ó ń lẹ aṣọ Aláìmọ̀nà nítorí pé ọwọ́ Aláìmọ̀nà kò pé. Kọ́púrà ní àwọn tó dé kò tó ìdajì àwọn tó lọ. Nínú mẹ́fà yìí, mélòó ló... Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀, ẹ ṣeun o. Ìránṣọ yín wọ́, ẹ ṣeun.

Kí lèyí?

Ìṣẹ́tí ni. Ìsàlẹ̀ kóòtù, yíká. Ìrán ibí yìí kò jọ ti ẹni mẹ́fà yẹn. Ó... ó dà sí apá ibòmíì. Òwú ẹni tó ń fi ọ̀tún rán nǹkan, ibì kan náà ló máa ń dà sí. Ti gbogbo àwọn yòókù dà síbẹ̀. Èyí nìkan ló dà sí òdìkejì. Ọlọ́wọ́ òsì ló rán an. Ó sì wẹ́, ó dọ́gba, sùúrù wà nínú rẹ̀... èyí kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin.

Obìnrin ni.

Obìnrin ọlọ́wọ́ òsì kan ló jókòó níbì kan, ó gbé kóòtù ọkọ mi sórí itan bí mo ṣe gbé e sórí itan yìí. Níbo? Ṣé ọmọ wọ́dà ni? Ìyàwó wọ́dà? Ìdí tí Kọ́púrà fi dákẹ́ nìyẹn. Ìdí tó fi ní kí n sun ún nìyẹn. Ìdí tí ẹsẹ̀ yẹn fi wọ bàtà kalẹ̀ nìyẹn! Ó rí ọlọ́wọ́ òsì mìíràn. Èmi ń fojú sọ́nà, mò ń sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ ń bọ̀, bàbá rẹ ti rí ọlọ́wọ́ òsì mìíràn. Ó dára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sun ún. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ìṣẹ́tí yìí, kí n wo bó ṣe... kí n ṣáà wò ó. Sísọ́ọ̀sì dà?

Ìbẹ̀rẹ̀ òwú rẹ̀ rèé. Kókó.

Kókó mẹ́ta.

Rárá.

Tún un kà. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Wọ́n gun ara wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó ń ta kókó mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrán. Àṣìṣe ni. Kókó kan ló yẹ. Ọ̀gá mi nà mí títí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, kókó kan ni mo ta sí apá aṣọ ìyàwó kan, apá náà já bọ́ lójú gbogbo àlejò, láti ọjọ́ náà mi ò gba kókó kan gbọ́ mọ́. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, mi ò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí. Tí oníbàárà bá wà níbí, mo máa ń fi ìka bò ó. Òun nìkan ló rí i. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, á dijú, èmi á rò pé oorun ti gbé e lọ... á kàn ní, "Ọlọ́wọ́ Òsì, ṣé ewúrẹ́ lò ń so mọ́lẹ̀ ni?"

Kì í ṣe oorun ló ń sùn. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Jẹ́ kí n yí inú rẹ̀ síta. Níbí... abẹ́ apá, níbi tí ẹnì kankan kò ní rí. Ibí ni ọkọ mi ti kọ́ ọ. Yéè, ìrán yìí burú! Ó wọ́, ó já, ó tú u, ihò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó tún un rán. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ síbí. Ó gún ara rẹ̀. Ó gún ara rẹ̀ níbí náà. Kókó mẹ́ta. Ó já. Kókó mẹ́ta. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan ta kókó? Eyín. Eyín ló fi di í mú. Ta ni ì bá kọ́ ọ láti fi òsì ránṣọ níbẹ̀? Ó kàn dijú ni, nínú ilé bíríkì yẹn, ó ń wo ọwọ́ mi níbi tí mo jókòó sí yìí, ó ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, tòun ti àṣìṣe mi. Á ti gbà á tó ọdún kan. Ó wá mọ̀ ọ́n débi pé èmi tí mo ni ọwọ́ wò ó, mo ní obìnrin ni.

Mò ń jowú ara mi! Ẹ gbà mí. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo jókòó, mò ń jowú ara mi.

Kọ́púrà... káfíńtà ni Kọ́púrà kó tó wọṣẹ́ ológun. Ó sọ ọ́. Ti èjìká yìí, tó dà bí ìṣó lára pákó... òun ni. Ìdí tó fi wò ó tó dákẹ́ nìyẹn. Àwọn márùn-ún tó kù ló ń wò.

Ọkùnrin yìí! Wọ́n fọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ gbé tèmi wọ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kí wọ́n wá wò ó o. Aláìmọ̀nà, òsì ló fi mọ̀nà ilé.

Kí ló wá dé tó ní kí n sun ún? Èèyàn kì í ṣe irú èyí kó... Dúró. Dúró ná. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìyá ni. Lánàá, nídìí oúnjẹ, Ìyá ní "A máa sun kóòtù yẹn o." Ọkọ mi dìde, ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó sì wá bá mi. "Ẹ bá mi sun ún, ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀rọ̀ Ìyá ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Nọ́ọ̀sì ńkọ́... "Tí wọ́n bá ní kí n lọ." Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ilé wa ti sú u. Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn. Ó ń bi wá léèrè ni. Ó ń tọrọ ààyè, bó ṣe ń tọrọ ààyè kó tó bu omi mu, ó wá wò yíká, ó ń retí ẹni tó máa ní má lọ. Ìyá kò sọ ọ́. Èmi ń wá òwú nílẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Kí ni mo tíì sọ fún un pé kó ṣe, láti ọjọ́ tó ti dé? Mò ń bọ̀wọ̀ fún un, mo ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, kó ṣe bó bá ṣe wù ú. Bó bá ṣe wù ú! Ẹni tí wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àti oṣù méje. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ fún un, ọjọ́ àkọ́kọ́, láìgbójú sókè. "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀."

Ó sì jókòó.

Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Fèrè ọkọ̀ nìyẹn. Àbí kì í ṣe... òun ni. Ta ní aago mẹ́rin ti lù? Ìyá ń pè mí lẹ́yìnkùlé, iná ń kú lọ. Jẹ́ kó kú. Abẹ́ apá òsì kóòtù yìí ti ya, mo rí i, abẹ́rẹ́ mi wà níbí, òwú wà nínú rẹ̀, màá bá a lẹ ẹ́, ọwọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Ẹsẹ̀ méjèèjì abẹ́ kátíìnì ti gbọ́ fèrè. Wọ́n ti dìde. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n tò, wọn ò lọ sẹ́yìn, wọn ò lọ síwájú.

Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti ibí dé kátíìnì? Mi ò kà á rí. Kò lè ju márùn-ún lọ.

Dìde, obìnrin yìí.

Mo dìde. Kóòtù wà lápá mi. Ẹ jókòó, ọkọ mi. Mo ti dé.